Mọ́tò tó ti sùn láti ọdún 2016, báwo la ṣe máa jí i?

Lẹ́tà mẹ́ta la mú lọ́tẹ̀ yìí, orí mọ́tò tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni gbogbo wọn dá lé, mo sì máa pẹ́ díẹ̀ lórí àkọ́kọ́ torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ká mi lára gan-an.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa tó jẹ́ tíṣà fi Peugeot 504 GR kan sílẹ̀ fún wa. Ọdún 2016 ni wọ́n kú, àtìgbà yẹn ni mọ́tò náà sì ti wà lábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé wa ní Iléṣà, ìyá wa ò jẹ́ ká tà á. Wọ́n ti wá ní báyìí pé òun làwọn fẹ́ gbé lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìrántí bàbá, ìyẹn lóṣù tó ń bọ̀. Mẹkáníìkì àdúgbò wá wò ó, ó ní ká lọ ra bátìrì, ká da epo tuntun lé èyí tó wà nínú tánkì, pé láàárín wákàtí kan ó máa sítáàtì. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí?
*Ọmọ Tíṣà, Iléṣà*

Ìdáhùn: Ọmọ Tíṣà, ẹ kú ìrántí bàbá o, Ọlọ́run á túbọ̀ tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ọkàn yín tí ò balẹ̀ yẹn, ẹ tẹ̀lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ mẹkáníìkì náà kẹ́ ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ màmá. Ọdún tí ẹ́ńjìnnì yẹn ti fi jókòó lè má tíì ṣe é ní nǹkan kan tó pọ̀, ṣùgbọ́n ìwàǹwára wákàtí kan lè bà á jẹ́ pátápátá.

Ojú mi ló ṣe. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn, wọ́n wọ́ 504 kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó ti tó ọdún mẹ́fà nílẹ̀, ọ̀gá ò sí nítòsí, ẹni tó ni mọ́tò dúró tì wá pé ká ṣáà kíkì ẹ̀ kóun gbọ́ ohùn ẹ̀, làwa ọmọ iṣẹ́ bá gbé bátìrì sí i. Àkọ́kọ́, ó kàn ṣe gìrì ló dákẹ́. A tún un ṣe, ó yí, ó gbaná, gbogbo wa pariwo, onímọ́tò ń jó. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tá a fi ń gbọ́ kan-kan-kan-kan nínú ẹ̀ bíi pé wọ́n ń fi òòlù lu irin, ó sì kú. Nígbà tá a tú u, ríìngì písítìn méjì ló ti lẹ̀ mọ́ ara sìlíńdà látọjọ́ pípẹ́, àwa la fi tipátipá já a, ó sì ti ha inú sìlíńdà bí ẹni fi ìṣó ha ògiri. Ọkùnrin yẹn jókòó sórí táyà kan, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo ohun tíì bá gbà wá lọ́jọ́ yẹn ò ju ṣíbí ọ́ìlì mélòó kan àti sùúrù ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Ẹ fọkàn balẹ̀ ṣá, torí 504 mọ́tò tó ṣeé bá sọ̀rọ̀ ni. Ọdún 1968 ló jáde ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Peugeot pọ̀ níbi iléeṣẹ́ wọn ní Kàdúná, ìdí nìyẹn tí àwọn tíṣà àtàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìgbà yẹn fi fẹ́ràn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí páàtì ẹ̀ sì ṣì wà níta títí dòní. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀ tó máa dà yín lójú rú. Ṣéènì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì ẹ̀, kò ní bẹ́líìtì rọ́bà tó máa gbó sínú tó máa já lójijì. Ohun tó nílò kó tó lè gbaná ò ju epo tó mọ́, iná tó bọ́ sákòókò, àti sìlíńdà tó lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe nǹkan kan, ẹ kàn wò ó. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójúmọmọ, kí ẹni tó máa ṣí i mú igi dání, torí abẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé, ejò àti agbọ́n ò jìnnà síbẹ̀. Ẹ yọ ìdérí fítà afẹ́fẹ́, ẹ wo inú ẹ̀. Mo ti ṣí ọ̀kan rí tí èèpo èkùrọ́ kún un dé ẹnu, pẹ̀lú òwú tí eku já lára síìtì, ó tẹ́ ẹ bí ibùsùn, ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ń mí lórí ẹ̀. Ká ní wọ́n ti kíkì mọ́tò yẹn ni, gbogbo èèpo yẹn ni ẹ́ńjìnnì ì bá fà mu. Ẹ wo gbogbo wáyà pẹ̀lú, ibi tí eku bá ti jẹ ẹ́ tí kọ́pà ti yọ, rẹ̀wáyà ni kó tún un ṣe kí bátìrì kankan tó kan mọ́tò náà. Kẹ́ ẹ sì tó jẹ́ kí mẹkáníìkì wọlé, ẹ ṣí pijinhóòlù, ẹ wo abẹ́ síìtì, ẹ kó ohun tí bàbá fi síbẹ̀ jáde fún màmá. Ìwé, gíláàsì ojú, báírò tó ti gbẹ, wọ́n máa ń kó irú ẹ̀ dànù láìmọ̀ pé ẹnì kan ń wá a.

Ó kan inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, ẹ wò ó lójú oòrùn. Tó bá dúdú lásán, kò burú, tó bá funfun bí ògì, omi ti wọnú ẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Tí ò bá sí omi, ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ to wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, kẹ́ ẹ wá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bíi ṣíbí ìmukọ méjì sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Àwọn míì máa ń lo ATF, ìyẹn ọ́ìlì jíà ọtòmátíìkì, torí ó tètè ń wọ ibi tóóró, ìyẹn náà dáa. Ẹ bo ihò náà, ẹ lọ sùn. Ẹ tún padà wá lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta pàápàá tó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì yẹn ráyè yọ́ wọ ìdí ríìngì.

Lẹ́yìn náà, púlọ́ọ̀gì ṣì wà níta o, ẹ fi mọ́tò sí jíà kẹrin, kí ẹni méjì rọra tì í síwájú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ máa wo fáńbẹ́ẹ̀tì: tó bá ń yí, ẹ́ńjìnnì ń yí nìyẹn, ẹ dúpẹ́. Tí ẹsẹ̀ mọ́tò bá wa ilẹ̀ tí kò fẹ́ lọ, ẹ má pe èèyàn mẹ́fà wá bá yín tì í. Ó lè jẹ́ bíréèkì ló dì, ẹ gbé e lórí jáàkì kẹ́ ẹ fi ọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan láìsí jíà kẹ́ ẹ lè mọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló dì, ẹ tún fún un ní ọ́ìlì, ẹ tún dúró, mo mọ èyí tó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó mì. Tẹ́ ẹ bá sì gbé mọ́tò sókè, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi igi ńlá tàbí irin tó dúró dáadáa tì í lábẹ́, ẹni kẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Jáàkì máa ń yẹ̀. Ọmọ ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ ò rìn dáadáa títí dòní nítorí ẹ̀.

Tó bá ti ń yí, ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ẹ pààrọ̀ fítà ọ́ìlì, ẹ rọ tuntun bíi lítà mẹ́rin, 20W-50 ló máa ń lò lọ́dọ̀ wa níbí. Ìgbà yìí lẹ tó wá máa ra bátìrì, èyí tó wà níbẹ̀ láti 2016 ti lọ, ẹ má náwó lórí à ń cháàjì ẹ̀. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má bàa ta, ẹ fi akísà bo ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ kíkì ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ tún kíkì ẹ̀, títí iná ọ́ìlì pupa inú dáṣíbọ́ọ̀dù á fi kú. Iná yẹn tó bá kú, ọ́ìlì ti gòkè dé gbogbo ibi tí irin ti ń gbo irin nìyẹn. Tí ò bá kú, ẹ ò tíì lè fún un ní epo rárá.

Ọ̀rọ̀ wá dórí epo, ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra jù lọ nìyí. Bẹntiróòlù máa ń kú. Láàárín bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, èyí tó fúyẹ́ nínú ẹ̀, tó máa ń tètè gbaná, ti fẹ́ lọ, èyí tó kù á di nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń rùn bí fáníìṣì àwọn káfíńtà. Ẹ ṣí ìdérí tánkì kẹ́ ẹ fimú gbọ́ ọ, ẹ ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sí epo tuntun tẹ́ ẹ máa dà lé irú ìyẹn tó máa sọ ọ́ di rere, ńṣe lẹ kàn máa ba tuntun jẹ́, tí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ tánkì á sì gbéra. Ẹ tú tánkì kalẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbọn ìpẹtà jáde, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Họ́ọ̀sì epo gbogbo, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, rọ́bà tó ti gbẹ báyẹn máa sán, á máa jò sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ẹ yẹ páńpù epo wò pẹ̀lú torí awọ inú ẹ̀ máa ń ya.

Kàbúrétọ̀, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, náà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì ṣí àwo ìsàlẹ̀ ẹ̀ lójú yín. Ẹ máa rí i tí epo ti gbẹ mọ́ ọn nídìí, àwọ̀ ẹ̀ bí oyin ìgàn, ó le, tẹ́ ẹ bá fi èékánná fá a á máa bó ní pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Nǹkan yẹn ló ń dí àwọn ihò jẹ́ẹ̀tì, ihò tó jẹ́ pé ìrun orí lásán lè dí i. Kí wọ́n fi oògùn tí wọ́n fi ń fọ kàbúrétọ̀ fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki wáyà tàbí abẹ́rẹ́ bọ ihò jẹ́ẹ̀tì o, ihò náà á fẹ̀ síwájú, mọ́tò á wá máa mu epo bí ẹni mu omi.

Iná ò gba wàhálà tó ìyẹn. Kọ́ńtáàtì inú dìsítíríbútọ̀, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, á ti bu, ẹ fi sáńdípépà tó kúnná gbo ó tàbí kẹ́ ẹ ra tuntun pẹ̀lú kọ́ńdẹ́ńsà, kẹ́ ẹ sì ra púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin. Bí iná ṣe ń kan sìlíńdà kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ara wọn ni 1, 3, 4, 2, kí wọ́n má pààrọ̀ wáyà ẹ̀ mọ́ra.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ṣíná, ẹ tì í jáde síta gbangba. Èéfín sáílẹ́ńsà lábẹ́ àjà tàbí nínú gáréèjì ń pa èèyàn láìjẹ́ kó mọ̀. Ẹ ti bu omi sí rédíétọ̀, ẹ ti wo họ́ọ̀sì ẹ̀ pé kò sán. Ẹ ní iyanrìn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì nítòsí, àti ohun ìpaná tẹ́ ẹ bá rí. Mo mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn kí wọ́n máa da bẹntiróòlù sẹ́nu kàbúrétọ̀ látinú ìgò nígbà tí ẹnì kan ń kíkì, ẹ má gbà. Ẹ́ńjìnnì tí ò tíì mọ ara ẹ̀ lè tu iná padà sókè, ìgò ló wà lọ́wọ́ ẹni náà, aṣọ ẹ̀ ló máa gbà á. Ẹ jẹ́ kí páńpù fúnra ẹ̀ fa epo wá, bó bá pẹ́ díẹ̀ náà á dé.

Tó bá gbaná, ẹ má tẹ tòròtù gbàmù gbàmù. Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa mí jẹ́jẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ máa wo iná ọ́ìlì, ẹ máa wo gééjì ooru, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ bóyá nǹkan ń jò. Èéfín á pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ọ́ìlì tẹ́ ẹ dà sí sìlíńdà ló ń jó, á lọ. Tí kílọ́ọ̀ṣì bá lẹ̀ tí jíà ò wọlé, ìyẹn náà wọ́pọ̀, ìpẹtà ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ẹ fi mẹkáníìkì sí i.

Ẹ wá gbọ́ o, kó sítáàtì yàtọ̀ sí kó lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Omi bíréèkì máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, èyí tó wà níbẹ̀ láti bí ọdún wọ̀nyí ti jẹ irin inú ẹ̀, ẹ fà á dànù, ẹ rọ tuntun, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n tú gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ẹ tẹ bíréèkì nínú kọ́ńpáùǹdù ní ìgbà ogún kẹ́ ẹ tó jáde gééètì. Táyà, bó ti wù kí góńgó ẹ̀ ṣì ga tó, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára ẹ̀ lẹ́yìn ibi tí wọ́n kọ DOT sí: tó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Irú táyà bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ gbé màmá yín. Ẹ tún ìwé ọkọ̀ ṣe pẹ̀lú, ìnṣọ́ránsì àti ìwé tó fi hàn pé ọkọ̀ náà dáa tó láti rìn lójú títì. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, oṣù kan tó yín. Tí kò bá tíì pé títí di ọjọ́ náà, kí màmá gbé mọ́tò míì lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n gbé ti bàbá lọ́jọ́ míì.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, London ni mo wà. Mo fi Corolla 2005 mi, ọtòmátíìkì, sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Àbúrò mi ní bátìrì ti kú, pé òun kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ, wọ́n ti mọ́tò náà títí dé ìta ọjà, kò ta. Kí ló ń ṣe é?
*Ìyá Ìbejì, Peckham*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àìsùn àwọn ọmọ. Ẹ bá mi pe àbúrò yín lónìí, ẹ ní kó má ti mọ́tò yẹn mọ́. Ọtòmátíìkì ò ṣeé tì kó gbaná. Ti máńúwà, táyà ló ń yí jíà, jíà yí kílọ́ọ̀ṣì, kílọ́ọ̀ṣì yí ẹ́ńjìnnì. Ti ọtòmátíìkì, ọ́ìlì ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, páńpù tó ń ti ọ́ìlì yẹn sì jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì gan-an ló ń yí i, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Kí wọ́n tì í dé Ìjẹ̀bú-Igbó, kò ní ta.

Kó ra bátìrì tàbí kó fi ti mọ́tò míì jọ̀ǹpù ẹ̀: pupa sí pupa lára bátìrì méjèèjì, dúdú sí ti mọ́tò tó dáa, ẹnu dúdú tó kù kó fi sí irin ẹ́ńjìnnì Corolla yẹn, kó jìnnà sí bátìrì, torí iná tó máa ń ta níbẹ̀ lè ran gáàsì tó ń jáde lára bátìrì. Kó tó ṣe ìyẹn, kí ó tú epo ọdún mẹ́ta yẹn dànù. Páńpù epo Corolla inú tánkì ló wà, epo tó ti kú á sì lọ di sínú ínjẹ́kítọ̀, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Tó bá ń yí tí ò gbaná, kí ẹnì kan fetí sí ẹnu tánkì nígbà tí wọ́n bá ń kíkì, tí kò bá gbọ́ kó máa kùn, páńpù ni. Kó wo wáyà náà dáadáa. Eku fẹ́ràn Corolla bó ṣe fẹ́ràn 504.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, mò ń lọ kàwé ní Kánádà fún ọdún méjì, mi ò fẹ́ ta mọ́tò mi. Báwo ni mo ṣe máa gbé e sílẹ̀ tí kò fi ní bàjẹ́?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó lọ. Èyí tó dáa jù ni pé kẹ́ ẹ ní ẹni tó máa wà á fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Kó wà á lójú títì o, kó má kàn ṣíná sí i nílé fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó pa á, irú ìyẹn ń kó omi jọ sínú ọ́ìlì àti sáílẹ́ńsà ni, kò sì tó bátìrì láti cháàjì.

Tí ò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, torí ọ́ìlì dúdú máa ń jẹ irin bó bá jókòó. Ẹ fa gbogbo epo inú tánkì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó mu èyí tó kù nínú páìpù tán fúnra ẹ̀. Ẹ tú bátìrì, orí nẹ́gétíìfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, ẹ gbé e fún ẹni tó máa lò ó. Ibi tó ní kankéré nílẹ̀ tó sì ní òrùlé ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ẹ má gbé e sórí koríko, ẹ má sì gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ fi igi gbé e kúrò lórí táyà. Ẹ má fa hándì bíréèkì, igi ni kẹ́ ẹ fi di táyà tó bá kanlẹ̀. Ẹ fi akísà di ẹnu sáílẹ́ńsà àti ẹnu fítà afẹ́fẹ́ kí eku má wọbẹ̀, kẹ́ ẹ wá mú bébà, kẹ́ ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé akísà wà níbi báyìí-báyìí, kò sí epo, kò sí bátìrì, ẹ so ó mọ́ sítíárì níbi tí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ò ti ní ṣàì rí i.